Kí ẹ tó san owó ilé ìwé bàálù: iye wákàtí kan nìkan kọ́ ni ẹ máa béèrè

Òǹkàwé kan láti Ìjẹ̀bú-Òde kọ̀wé pé: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 34 ni mí, ohun èlò ilé kíkọ́ ni mò ń tà. Ó ti pẹ́ tó ti wà lọ́kàn mi láti kọ́ bàálù wíwà. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi ṣiṣẹ́ oṣù o, mo kàn fẹ́ gba PPL, ìwé àṣẹ láti wa bàálù fún ara ẹni, kí n lè máa wà á fúnra mi. Nígbà tí wọ́n kọ́ pápákọ̀ òfuurufú sáàárín Ìpẹru àti Ìlíṣàn, mo rò pé ibẹ̀ náà ni mo ti máa kọ́ ọ. Ilé ìwé mẹ́ta ni mo ti kàn sí báyìí, ọ̀kan nílé, méjì lókè òkun. Èyí tí owó rẹ̀ kéré jù ní kí n san gbogbo owó 40 wákàtí lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ní oṣù mẹ́ta ni mo máa fi parí. Owó àjọ mi sì ti fẹ́ bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n mú, báwo ni mo sì ṣe máa mọ̀ pé wọn ò ní jẹ owó mi gbé?”

Ẹ kú ìfẹ́ ọkàn. Ẹ má tíì fi owó àjọ yẹn sílẹ̀. Kì í ṣe pé mo ní ilé ìwé náà jẹ́ ti gbájúẹ̀. Mi ò rí ìwé wọn, n kò sì lè dá ẹjọ́ ẹni tí n kò gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló wà nínú ohun tí wọ́n sọ fún yín, “40 wákàtí”, “oṣù mẹ́ta” àti “lẹ́ẹ̀kan náà”, kò sì sí ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó yẹ kí ẹ gbé mì láìjẹ ẹ́ wò.

Ọ̀rọ̀ pápákọ̀ ni kí n kọ́kọ́ mú kúrò nílẹ̀. Ibi tí bàálù ń gbé balẹ̀ yàtọ̀ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni. Ilé ìwé ní láti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ NCAA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfuurufú nílẹ̀ wa, gẹ́gẹ́ bí ibi ìkọ́ni tí ìjọba fọwọ́ sí, pẹ̀lú olùkọ́ tó ní àṣẹ ìkọ́ni, bàálù tí wọ́n ń tọ́jú bó ṣe yẹ, àti ìwé ètò ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti yẹ̀ wò. Bí ilé ìwé bá tilẹ̀ dé Ìpẹru lọ́la, ìsúnmọ́ ilé nìkan kò tó ìdí láti yàn án. Níbi tí bàálù ńlá bá ti ń wọlé tó ń jáde, akẹ́kọ̀ọ́ inú bàálù kékeré ló máa ń dúró dè wọ́n. Ẹ ó jókòó lórí ilẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, mítà ń ka owó, ẹ sì ń wo ẹ̀yìn bàálù ẹlẹ́rù. Pápá tí kò fi bẹ́ẹ̀ kún, tí èèyàn lè gbéra kó sì balẹ̀ níbẹ̀ nígbà 6 tàbí 8 nínú wákàtí kan, ló ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní kíákíá. Nílé níbí, Zaria ni NCAT wà, ilé ìwé ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964. Ìlọrin sì ni International Aviation College wà, èyí tí ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara dá sílẹ̀. Ibi yòówù kí ẹ bá lọ, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé àṣẹ wọn hàn yín, kí ẹ wo ọjọ́ tó máa parí, kí ẹ sì wò ó bóyá wọ́n dárúkọ PPL nínú rẹ̀ gan-an. Àṣẹ láti kọ́ òṣìṣẹ́ inú bàálù tàbí onímọ̀ ẹ́ńjìnnì kì í ṣe àṣẹ láti kọ́ awakọ̀.

Ó wá kan 40 wákàtí yẹn. Kò sí irọ́ nínú iye náà fúnra rẹ̀. ICAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfuurufú, ló fi 40 wákàtí lélẹ̀, tàbí 35 fún ẹni tó kọ́ ọ nílé ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni Amẹ́ríkà ṣe é. Ní Yúróòpù àti Gúúsù Áfíríkà, 45 ni. Ṣùgbọ́n iye tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fò dín sí nìyẹn kí wọ́n tó jẹ́ kó ṣe ìdánwò, kì í ṣe iye tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń mọ̀ ọ́n. Àgbàlagbà tó ní ṣọ́ọ̀bù tàbí iṣẹ́ lọ́rùn, tó sì ń gbọ́ ẹ̀kọ́ dáadáa, sábà máa ń lo 55 sí 75 kí olùkọ́ tó fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá lò jù bẹ́ẹ̀ lọ kì í ṣe òpè. Nítorí náà, ilé ìwé tó bá fi 40 ṣírò gbogbo owó fún yín ti fi owó tó kù pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ bi wọ́n pé: “Àwọn mẹ́wàá tó gba PPL kẹ́yìn lọ́dọ̀ yín, wákàtí mélòó ni wọ́n lò, oṣù mélòó sì ni?” Ilé ìwé tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ní àkọsílẹ̀ yẹn. Èyí tó bá ní “ó kù sọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́” láìmú iye kankan jáde, kò fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni.

Ará Ìjẹ̀bú ni yín, ẹ̀yin náà mọ ọjà. Ẹni tó lọ ra gàrí ní Òkè Ajé kì í gbọ́ iye kóńgò kan kó kàn máa sanwó. Á kọ́kọ́ wo kóńgò náà bóyá wọ́n ti tẹ ìdí rẹ̀ wọlé, á tún wo ọwọ́ ẹni tó ń wọ̀n ọ́n. Wákàtí bàálù náà ní kóńgò tirẹ̀. Mítà méjì ló wà. Èyí tí wọ́n ń pè ní Hobbs ń ka àkókò gidi láti ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, kódà bí bàálù bá dúró sójú kan. Tach ní tirẹ̀ ń tẹ̀lé bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí sí, kì í sáré bí ẹ́ńjìnnì bá ń lọ jẹ́jẹ́ lórí ilẹ̀, nítorí náà iye rẹ̀ lè fi ìdá kan nínú mẹ́wàá sí ìdá kan nínú márùn-ún dín sí ti Hobbs fún ìrìn kan náà. Ilé ìwé méjì lè dá iye kan náà fún wákàtí kan, kí ọ̀kan sì gbówó ju èkejì lọ. Ẹ tún béèrè bóyá epo wà nínú iye náà, bóyá owó olùkọ́ wà níbẹ̀, bóyá wọ́n máa gba owó lọ́tọ̀ fún àlàyé tí olùkọ́ bá ṣe kí ẹ tó gbéra, owó bíbalẹ̀ ní pápákọ̀, owó ẹni tó máa dán yín wò, àti owó bàálù lọ́jọ́ ìdánwò. Iye tí wọ́n bá kọ láìsí gbogbo ìwọ̀nyí kò tíì di iye.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní ilé ìwé kìíní ń gba dọ́là 180 fún wákàtí kan pẹ̀lú olùkọ́, tí èkejì ń gba 220. Lójú, ti kìíní ló rọjú. Ṣùgbọ́n bí ti kìíní bá gbà yín ní 70 wákàtí, 12,600 ni. Bí èkejì bá fi 52 parí rẹ̀ fún yín, 11,440 ni. A ò tíì fi owó oúnjẹ àti ilé tí ẹ ó háyà fún oṣù tó lé sí i.

Kí ló ń mú kí wákàtí pọ̀? Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Bàálù wíwà jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti ojú, pàápàá bíbalẹ̀. Láti mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ gbé imú bàálù sókè díẹ̀ kí táyà tó kan ilẹ̀, ojú yín ní láti rí i léraléra, lọ́jọ́ tó súnmọ́ra. Ẹni tó ń fò lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ń tẹ̀ síwájú. Ẹni tó ń fò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì ń lo ìdajì ẹ̀kọ́ tuntun láti rántí ti àtijọ́. Bí ìdúró bá wá tó oṣù kan, pàápàá nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ẹ dá wà á, ẹ lè pàdánù wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà. Nítorí náà, èyí tó dínwó nínú gbogbo ilé ìwé ni èyí tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ kì í já láàárín. Mo lè sọ ìyẹn láìmi orí.

Ohun tó ń já a kò ju mẹ́rin márùn-ún lọ. Bàálù ni àkọ́kọ́. Lẹ́yìn gbogbo 50 wákàtí, ọ̀pọ̀ ilé ìwé máa ń pààrọ̀ ọ́ìlì. Lẹ́yìn 100, wọ́n ní láti tú ẹ́ńjìnnì àti ara bàálù yẹ̀ wò. Bàálù tó ń fò 25 wákàtí lọ́sẹ̀ kan máa dé 100 láàárín oṣù kan. Bí gbogbo nǹkan bá dára, ọjọ́ méjì mẹ́ta ni yóò fi wà nínú gáréèjì. Bí wọ́n bá rí sílíńdà tó ti jẹ tàbí magneto, ohun tó ń fúnná fún ẹ́ńjìnnì, tó ti kú, tí ẹ̀yà náà kò sí nílẹ̀, ó dọwọ́ ẹni tó ń bá wọn kó o wọlé láti òkè òkun àti àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù. Ilé ìwé tó ní bàálù kan ṣoṣo á ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ yẹn, tayọ̀tayọ̀ ni wọn yóò sì tún máa gba owó akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Ẹ má ka bàálù tó wà nínú fọ́tò. Ẹ béèrè mélòó ló fò lọ́sẹ̀ tó kọjá, kí ẹ sì fi pín iye akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fò lọ́wọ́. Bó bá ti ju akẹ́kọ̀ọ́ 6 tàbí 7 lọ fún bàálù kan, ọkàn mi kì í balẹ̀ mọ́.

Epo ni èkejì, òun ló sì ń dun ilé ìwé ilẹ̀ wa jù. Ẹ́ńjìnnì àwọn bàálù ìkọ́ni kékeré bíi Cessna 152, Cessna 172 tó wọ́pọ̀, àti Piper Warrior, epo avgas ni wọ́n ń mu. Epo ọ̀tọ̀ ni, kì í ṣe bẹntiróòlù inú mọ́tò, kì í sì í ṣe epo tí bàálù ńlá ń lò. Cessna 172 lè mu tó lítà 32 ní wákàtí kan. Níbi tí bàálù kékeré kò bá pọ̀, avgas máa ń wọ́n, ó sì máa ń tán nílẹ̀. Oríṣi Diamond DA40 kan wà tí ẹ́ńjìnnì dísù rẹ̀ ń lo Jet A1, epo bí kẹrosíìnì tí gbogbo pápákọ̀ ńlá ní. Ó ń mu díẹ̀, epo rẹ̀ sì rọrùn láti rí. Ṣùgbọ́n àtúnṣe ẹ́ńjìnnì yẹn gbówó lórí, kì í sì í ṣe gbogbo onímọ̀ ẹ́ńjìnnì ló mọ̀ ọ́n tún ṣe. Ẹ kàn bi wọ́n pé epo wo ni bàálù wọn ń mu, ìgbà wo sì ni epo kò sí kẹ́yìn.

Olùkọ́ ni ẹ̀kẹta. Púpọ̀ nínú wọn ń kọ́ni kí wákàtí tiwọn lè pọ̀ ni, kí wọ́n lè ráyè wọ ilé iṣẹ́ bàálù ńlá. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá lọ nígbà tí ẹ wà ní wákàtí 25, olùkọ́ tuntun á tún fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí ẹ mọ̀, ìyẹn wákàtí méjì mẹ́ta lórí owó yín. Ẹni tó máa dán yín wò náà tún ń bọ̀ o: ní ibòmíràn, akẹ́kọ̀ọ́ á ti parí gbogbo nǹkan, á sì máa retí olùdánwò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ọwọ́ má sì kú, á tún máa sanwó fò.

Ojú ọjọ́ ni kò sí ẹni tó lè bá jà. Akẹ́kọ̀ọ́ PPL ń fi ojú rí ọ̀nà ni, ìríran kò sì gbọdọ̀ dín sí nǹkan bíi kìlómítà 5. Láti December dé February, eruku ọyẹ́ lè bo Zaria àti Ìlọrin fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ju bó ṣe ń dé Ìjẹ̀bú lọ. Lápá òkè ọya, oṣù August ni òjò ti máa ń le jù. Lọ́dọ̀ tiwa, ó ń le ní June, ó ń simi díẹ̀ ní August, ó tún ń padà bọ̀ ní September. Àkókò tó sàn nílé ni àárín October sí ìparí November, tí òjò ti ń lọ tí ọyẹ́ kò tíì dé. Ilé ìwé tó bá ní ẹ ó fi oṣù mẹ́ta parí, tó sì fẹ́ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ní December, ẹ bi í léèrè ọyẹ́.

Òkè òkun ńkọ́? Ní Amẹ́ríkà, bàálù pọ̀, epo kì í wọ́n, olùdánwò wà káàkiri, wọ́n sì lè fò lójoojúmọ́. Ìdánwò ìwé kan ṣoṣo ni, ìbéèrè 60, 70 nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹ fi máa yege. Ní Yúróòpù ìdánwò 9 ni, 75 ni wọ́n ń béèrè nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ kò gbọdọ̀ fi físà ìbẹ̀wò lọ kọ́ ọ ní Amẹ́ríkà. Físà M-1, ti akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ni, ilé ìwé náà sì gbọdọ̀ ní àṣẹ láti fún yín ní ìwé I-20 tí ẹ ó fi béèrè físà náà, TSA, àjọ ààbò ìrìnnà Amẹ́ríkà, tún gbọ́dọ̀ yẹ̀ yín wò kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Òfin físà fún àwa ọmọ Nàìjíríà ń yí padà léraléra, nítorí náà ìkéde ilé iṣẹ́ aṣojú wọn ni kí ẹ kà, kì í ṣe ohun tí agẹ́ǹtì sọ. Gúúsù Áfíríkà náà ní ojú ọjọ́ tó dára, owó wọn sì sábà máa ń rọjú ju ti Yúróòpù lọ. Ohun tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé ni pé láti wa bàálù tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ìwé àṣẹ òkè òkun nìkan kò tó. NCAA á kọ̀wé sí orílẹ̀-èdè tó fún yín kí wọ́n jẹ́rìí sí i, ẹ ó sì ní ìdánwò òfin òfuurufú ilẹ̀ wa láti ṣe. Ẹ gba àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ NCAA kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì fi owó rẹ̀ kún ìṣirò.

Bí ẹ bá bi mí ní tèmi: fún ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù, tó sì lè fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 8 sí 10 láìpadà wálé, òkè òkun lè dínwó nígbẹ̀yìn bí físà bá ṣeé ṣe. Ẹni tí kò lè kúrò nílé pẹ́, kó kọ́ ọ nílé, ṣùgbọ́n kó lọ gbé ní Ìlọrin tàbí Zaria fún odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin. Lílọ ní Sátidé kí ẹ padà ní Sọ́ńdè ni mi ò lè gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀ láé. Owó yín máa tán sójú ọ̀nà Ìbàdàn.

Sísan gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan náà: ẹ má ṣe é. Ilé ìwé bàálù máa ń kógbá wọlé láìsọ tẹ́lẹ̀, kódà ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, akẹ́kọ̀ọ́ tó ti sanwó sì máa ń wà lára àwọn tí wọ́n máa ń sọ fún pé kò sí nǹkan tó kù. Ilé ìwé tó bá fi owó akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ra epo fún ti àtijọ́ ni irú rẹ̀ sábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí, ẹ̀dínwó ńlá fún ẹni tó bá sanwó sílẹ̀ sì máa ń jẹ́ àmì rẹ̀. Ẹ san wákàtí 5, kí ẹ fò ó tán, kí ẹ tún san 5 tàbí 10. Bí ẹ̀dínwó bá mú yín lójú, ẹ má jẹ́ kí owó yín tó wà lọ́wọ́ wọn ju èyí tí ẹ lè pàdánù kí ṣọ́ọ̀bù sì ṣì ṣí lọ́jọ́ kejì. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé owó tí ẹ kò tíì lò máa padà, láàárín ọjọ́ mélòó, àti pé bí iye epo bá lọ sókè, báwo ni wọ́n ṣe máa ṣe é. Ẹ tún ka ibi ìṣúráǹsì: bí ẹ bá fi imú bàálù gbá ilẹ̀ nígbà tí ẹ dá wà á, èló ni yóò já lé yín lórí kí ìṣúráǹsì tó dá sí i?

Kí owó kankan tó jáde, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ara lọ́dọ̀ dókítà tí NCAA fọwọ́ sí. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní Class 2 ni ti PPL. Dígí ojú kò dí èèyàn lọ́wọ́, bí ẹ bá fi ń ríran dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, wárápá, tàbí àìdá àwọ̀ mọ̀ ló lè dá nǹkan dúró, ó sì sàn kí ẹ mọ̀ ọ́n nísinsìnyí ju lẹ́yìn wákàtí 20 lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà náà nílé. FAA, àjọ òfuurufú ti Amẹ́ríkà, ti fi àwọn ìwé ìkọ́ni rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́: bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gbé bàálù, ojú ọjọ́, máàpù, ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó ti mọ ìwọ̀nyí kò ní san owó olùkọ́ láti gbọ́ wọn nígbà àkọ́kọ́. Ẹ tún máa gbọ́ bí awakọ̀ àti ilé ìṣọ́ ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀ lórí rédíò, torí Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ kúrú, ó yára, kò sì jọ ti ọjà. Símulétọ̀, ètò tó ń ṣe bíi bàálù, lórí kọ̀ǹpútà ilé dára fún kíkọ́ bí a ṣe ń ka àwọn aago inú bàálù, ṣùgbọ́n kò ní ka wákàtí fún yín. Èyí tí wọ́n fọwọ́ sí nílé ìwé pàápàá, ìlànà ICAO kò jẹ́ kó ju wákàtí 5 lọ nínú ti PPL.

Ohun kan kù tí kò sí ẹni tó máa sọ fún yín nígbà tí wọ́n bá ń polówó. Pẹ̀lú PPL, ẹ kò gbọdọ̀ gba owó èrò tàbí ti ẹrù; fún ìyẹn ẹ nílò CPL, ìwé àṣẹ awakọ̀ tó ń fi bàálù ṣiṣẹ́ owó, wákàtí rẹ̀ sì tó 200 nínú ìlànà ICAO, tàbí 150 nínú ẹ̀kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí. Bákan náà, kí ẹ tó lè gbé ìyàwó tàbí ọkọ, ọ̀rẹ́ tàbí ọmọ, ẹ gbọ́dọ̀ ti gbéra kí ẹ sì balẹ̀ nígbà 3 láàárín ọjọ́ 90 tó ṣáájú. Bàálù kékeré tí èèyàn lè háyà ní wákàtí méjì kò sì wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa. Nígbà tí ẹ bá pe ilé ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà, ẹ fi ìbéèrè yẹn kún un: lẹ́yìn tí mo bá gba ìwé àṣẹ, ṣé ẹ máa jẹ́ kí n háyà bàálù yín, èló sì ni wákàtí kan?